Ilé Àlejò Inú Igbó Tí Mo Ṣọ́

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, ní Adó, pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì pé kí a wá sọ irú iṣẹ́ tí a ṣe, kí àwọn náà lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, tísà mẹ́ta sọ̀rọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì kan sọ̀rọ̀ títí àwọn kan fi ń tòògbé. Nígbà tó kàn mí, mo ní ilé àlejò kan tó wà nínú igbó kìjikìji ni mo ṣọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ta ni yóò fi ilé sílẹ̀ lọ sùn nínú igbó. Kí n tó la ẹnu, àkókò ti lọ, wọ́n ti dìde fún àdúrà ìparí. Ìdáhùn tí n kò rí àyè ṣe lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ yìí.

Sámúẹ́lì lorúkọ mi, ọmọ Adó ni mí. Mo kàwé dé ilé ìwé mọ́dà, lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n gé wa kúrò lára ìpínlẹ̀ ńlá ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú wa, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé: ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà sì mọ ẹlòmíràn. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó ń ṣọ́ igbó láyé àtijọ́ ló kọ́ ilé náà. Ilé pákó ni, orí òpó símẹ́ńtì ló dúró lé, yàrá mẹ́rin, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan tó kọjú sí igi. Láti Adó, ẹ ó wọ mọ́tò gba Ìgèdè kọjá, ẹ ó sọ̀ ní abúlé olóko kan, ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ ó gorí afárá onígi kọjá odò, igi ìrókò yóò bò yín lójú, ẹ kò sì ní rí ilé náà títí ẹ ó fi dé ẹnu àtẹ̀gùn rẹ̀.

Àwọn tó ń wá sùn níbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa igi máa ń wá, àwọn òyìnbó tó ń wo ẹyẹ máa ń wá, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tí ariwo ìlú ti sú náà máa ń wá. Ọkùnrin kan wá lẹ́yìn tó sin ìyá rẹ̀. Ó lo ọjọ́ márùn-ún, kò wọ igbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì bá wa sọ ju “ẹ kú àárọ̀” lọ. Ọjọ́ tó ń lọ ló ní òun ti lè padà sílé wàyí. Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ilé sílẹ̀ wá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èlíjà. Ọmọ Ìgèdè ni. Kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Màmá Ṣadé, ló ṣẹ́kù fún un nílé. Bàbá náà ga, ó gbẹ, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Èlíjà inú Bíbélì rí ẹyẹ ìwò tó ń gbé oúnjẹ wá fún un létí odò. Tiwa kò rí ìyẹn. Àwa méjèèjì là ń ru iṣu, gaàrí àti kẹrosíìnì láti ojú títì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo kí i, ó dáhùn, ó sì bi mí pé kí ni mo gbọ́ lọ́nà. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n padà dé etí odò, kí n tún ọ̀nà náà rìn. Ẹrù mi ṣì wà lórí mi nígbà náà. Nígbà tí mo padà dé, mo ní mo gbọ́ omi, mo sì gbọ́ ẹyẹ. Ó ní ẹyẹ wo? N kò mọ̀. Ó ṣáà ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ó ní, “Uṣẹ́ ugbó, uṣẹ́ etí ni. Ojú kì í ríran jìnnà nínú ugbó.”

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tẹ́ ibùsùn tí etí aṣọ kan gùn ju èkejì lọ, yóò ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì jáde láìwí nǹkan kan. Bí mo bá se omi mímu tí n kò fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, yóò dà á nù lójú mi, mo sì gbọ́dọ̀ padà sódò. Àtùpà ńlá tí a máa ń fún ní afẹ́fẹ́ kó tó tàn, ó kọ́ mi bí a ṣe ń nu gíláàsì rẹ̀ kí ó má fọ́. Ní ti ọ̀nà inú igbó, ojoojúmọ́ là ń gbá a. Mo ṣe ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan, mo gbá ìdajì, mo sì ní mo ti gbá a tán. Kò bá mi jà. Ó mú gèlè ìyàwó rẹ̀ tó ti kú jáde, ó fi dì mí lójú, ó ní kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀nà lọ. Ibi tí mo ti gbá, mo ń rìn geere. Ibi tí n kò gbá, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tú gèlè náà, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ká a, ó sì lọ fi í pamọ́.

Òfin méjì ló fún mi tí kò gba àwáwí. Bí àlejò bá wà nínú ilé, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àlejò kò sì gbọdọ̀ dá wọ igbó.

Mo gbé Dúpẹ́ níyàwó ní ọdún kejì tí mo débẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe ní Òkè-Ìlá. Ó wá bẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀kan, ó sun ọjọ́ méjì. Òfàfà, ẹranko kékeré tó ń ké lóru, ké lórí igi bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, Dúpẹ́ sì jókòó sórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní òun kò lè gbé níbi tí kò sí ohùn ènìyàn. N kò bá a jiyàn, torí pé èmi náà kò tíì mọ̀ bóyá mo lè gbé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ sílé. Nígbà òjò, tí àlejò kò sí, èmi àti Bàbá Èlíjà lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta láìsọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwa méjì ń gbé pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ló ń dá rìn.

Ẹni tó máa ń bá mi lé ìdákẹ́jẹ́ náà lọ ni tísà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Adó, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba ọlidé ló ń wá, láti wá ká ewé, kí ó sì tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ kí ó lè gbẹ. Ó máa ń sọ orúkọ òyìnbó ewé kọ̀ọ̀kan fún mi, èmi náà a sọ tiwa fún un, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ mo kà á sí ọ̀rẹ́. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ọlidé ọdún kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1980 wọlé, ni nǹkan bàjẹ́. Ojú ń dun Bàbá Èlíjà, ó sì gba àyè lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ìgèdè fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fi ilé sílẹ̀ fún èmi nìkan. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá nìkan ni àlejò tó wà nílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, adẹ́mu kan láti abúlé mú iṣẹ́ wá pé Dúpẹ́ ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò sì tíì jáde.

Mo dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Níkẹyìn, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rò ó fún un. Mo ní mo ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má kúrò nínú ilé títí n ó fi dé.

Ó ní, “Sámù, lọ wo ìyàwó rẹ. Mi ò ní kúrò níbí. Mo ṣèlérí.”

Mo se oúnjẹ rẹ̀, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo sì lọ.

Nígbà tí mo fi máa dé Òkè-Ìlá, ọmọ ti délẹ̀. Obìnrin ni. Mo gbé e lọ́wọ́, kò wúwo ju ìgò kẹrosíìnì lọ. Ìyá rẹ̀ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ọkàn mi ń sọ pé kí n padà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Kò sí mọ́tò tó gbà láti gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo tó dé ilé àlejò.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Oúnjẹ tí mo sè ti hu funfun nínú ìkòkò. Ìwé ìròyìn rẹ̀ wà lórí tábìlì pẹ̀lú òkúta tó fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bàtà òjò rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń bọ́ ọ sí. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni mo sáré lọ sí abúlé, àwọn ọdẹ jáde, a sì wá a títí ilẹ̀ fi ṣú láìrí i. Ẹnì kan ti gun kẹ̀kẹ́ lọ pe Bàbá Èlíjà.

Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ojú rẹ̀ kan. Kò bi mí ní nǹkan kan. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn sókè, wọ́n ń hó, kí ẹni tó sọnù lè gbọ́. Ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní kí gbogbo wa jókòó sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ wúkọ́. Ó pẹ́ tí a jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ọdẹ ń kùn pé à ń fi àkókò ṣòfò ni.

Bàbá Èlíjà wá na ọwọ́ sí apá ìlà oòrùn. Ó ní, “Ẹ gbọ́ àwọn ẹdun yẹn. Bí ọdẹ bá ń kọjá, wọ́n á bú u, wọ́n á sì lọ. Àwọn wọ̀nyí ò lọ. Ohun tí wọ́n ń bú wà nílẹ̀.”

A tẹ̀ lé igbe ẹdun náà. Ìsàlẹ̀ àpáta kan ni a ti bá Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, nínú kòtò tí omi gbẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó ti wú, ó sì ti dúdú. Ó wà láàyè. Ó di ewé kan mú lọ́wọ́. A gé igi méjì, a so ìró obìnrin kan láti abúlé mọ́ ọn, a fi gbé e dé ojú títì. Nílé ìwòsàn ní Adó, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ lé wa lórí ní ọ́fíìsì. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta jókòó nídìí tábìlì. Wọ́n ní àwọn ti bi àlejò náà léèrè lórí ibùsùn, ó sì ní kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún òun kí òun má jáde.  Mo mọ̀ pé mo kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé mo kìlọ̀, wọn yóò bi mí pé níbo ni mo ń lọ, ta ló sì yọ̀ǹda mi. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí Bàbá Èlíjà fi dìde.

Ó ní, “Èmi ni mo sọ fún Sámúẹ́lì kí n tó lọ pé bí ìyàwó rẹ̀ bá ń rọbí, kó máa lọ. Èmi ló sì yẹ kí n kìlọ̀ fún àlejò. Mo gbàgbé.”

Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. N kò la ẹnu. Wọ́n dá a dúró lọ́sẹ̀ náà, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà òyìnbó. Wọn kò kí i pé ó ṣeun.

Mo lọ bá a ní Ìgèdè, mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi ń dọ̀tí.

“Ojú mi ń fọ́ lọ,” ni ó wí. “Bí wọn ò bá lé mi lọ́dún yìí, wọ́n á lé mi lẹ́ẹ̀míì. Bí wọ́n bá lé àwa méjèèjì, ta ló máa ṣọ́ ulé? Má dúpẹ́. Lọ jókòó síbẹ̀.”

Mo lọ jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé ènìyàn lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ kan, ẹ má yára sọ pé ìfẹ́ ló mú un dúró. Gbèsè tí a kò lè fi owó san ló mú èmi dúró. Nígbà méjì ni mo rí iṣẹ́ ní ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti ọmọ mi, nígbà méjèèjì ni mo sì kọ̀ ọ́. Dúpẹ́ kò bi mí ní ìdí lẹ́ẹ̀kejì. Bọ́sẹ̀, ọmọ tí mo lọ wò lọ́jọ́ náà, dàgbà tán láìmọ̀ mí dáadáa. Nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kí mi bí ẹní ń kí àlejò, yóò gba àpò mi, yóò sì bi mí pé ọjọ́ wo ni n ó padà.

Bàbá Èlíjà kò pẹ́ nílé. Wọ́n ní àárọ̀ kùtù ló máa ń jáde lọ jókòó sí ẹ̀bá igbó lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀, yóò kọ etí sílẹ̀. Kò lo ọdún méjì kó tó kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àlùfáà ní kí ẹni tó bá bá a ṣiṣẹ́ dìde wí nǹkan. Mo dìde. Mo tún jókòó.

Irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Àwọn agégi tó ń fi ayùn gígùn lagi, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀, lọ. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń sún mọ́ wa lọ́dọọdún. Àwọn ẹdun sá lọ. Jẹnẹrétọ̀ gba ipò àtùpà, sólà gba ipò jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí fóònù dé, àwọn àlejò á gòkè lọ sórí àpáta láti wá nẹ́tíwọ̀kì, wọn kò sì tún béèrè orúkọ ẹyẹ mọ́. Wọ́n rán igbákejì sí mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí èyí tó lo ọdún kan. N kò dá wọn lẹ́bi. Igi kan kò lè dá igbó ṣe, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí lára igi náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Kò sí ẹni tó ń sọ bí ogún ọdún náà ṣe ń rí fún ẹni tó pa irọ́, tàbí ẹni tó fi ìdákẹ́ gbà á. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀gá kan ka ìwé pé kò sí àbàwọ́n lórúkọ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. 

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí àdúgbò Fájuyì ní Adó, níbi tí mo ti gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ìwé ọmọ rẹ̀. Ó ti darúgbó. Ọ̀pá méjì tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i, mo ní èmi Sámù inú igbó ni. Ó wò mí pẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

Mo ti tò ó lọ́kàn bí n ó ṣe sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni Bàbá Èlíjà gbé. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún mi. Mo ní rárá. Mo ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbọ́ pé àfojúdi ni mo ṣe, ilé ìwé kò ní gba ẹlẹ́sẹ̀ kan padà. Mo ti ṣèlérí fún ẹ, Sámù. Ewé kan ni mo rí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní n ò ní pẹ́.”

Mo wá sọ tèmi. Kò mọ̀ pé n kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ìlérí náà ń dùn ún. Àwa méjèèjì ti jẹ́ kí arúgbó kan gbé ẹrù wa lọ sí sàréè, olúkúlùkù wa sì rò pé ẹrù tòun nìkan ni. Àwọn mọ́tò ń kọjá, àwọn èrò ń dúnàádúrà. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ní kí n wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Ìgèdè.

Màmá Ṣadé ṣì wà láàyè. Ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáká. Mo dọ̀bálẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá tẹrí ba lórí ọ̀pá rẹ̀, a sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Nígbà tí a parí, ó ní kí a jókòó.

Ó ní, “Ó sọ fún mi kó tó kú. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì ẹ óò wá, kí n má bá yín jà. Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ jù.”

A ní a pẹ́.

Ó wá ní, “Ulé yìí ló ti jáde, ulé yìí náà ló padà sí, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ ọ́n. Kò sọ̀rọ̀ uṣẹ́ rẹ̀ fún wa rí. Irú ènìyàn wo ló jẹ́ níbẹ̀?”

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo sọ títí ó fi rẹ̀ mí, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ń bá a lọ. Ìyá náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa.